Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ eyín tó ń dùn yín

Ẹni tí eyín ń ro kì í fẹ́ ìbéèrè. Ó ti gun ọ̀kadà láti Ìjẹ̀dẹ̀ tàbí Ìmọ̀ta, ó fi aṣọ di ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò fojú kan oorun lánàá, gbogbo ohun tó sì wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí ẹnì kan mú irin, kó yọ nǹkan náà kúrò lẹ́nu òun. Èmi ló wá máa kọ́kọ́ bá pàdé, pẹ̀lú káàdì àti bírò lọ́wọ́. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé omi tútù ló ń dùn yín ni àbí gbígbóná? Ṣé ó ń jí yín lóru? Mo mọ ojú tí wọ́n máa ń fi wò mí. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Sábó kò tiẹ̀ fi mọ sójú, ó sọ ọ́ síta: "Ọmọ mi, ṣé eyín lo fẹ́ bá mi tọ́jú ni, àbí ìtàn ìgbésí ayé mi lo fẹ́ kọ?"

Dental therapist ni mí, ní ilé ìtọ́jú eyín kan níbí ní Ìkòròdú. Èmi kọ́ ni dókítà. Dókítà wa ló ń yọ eyín tó le, òun ló sì ń fọ gbòǹgbò eyín, ìyẹn root canal. Èmi ń fọ eyín, mo ń dí ihò kéékèèké, èmi ni mo sì ń gbọ́rọ̀ lẹ́nu ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú ìrora kí dókítà tó kàn án. Torí náà èmi ni wọ́n ń bínú sí. Kò burú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn gan-an niṣẹ́. Eyín yíyọ kì í sábà pẹ́ tí abẹ́rẹ́ bá ti ràn. Ká mọ èyí tí a máa yọ, ká mọ̀ bóyá ó tiẹ̀ yẹ ká yọ nǹkan kan rárá, ibẹ̀ lọ́rọ̀ wà.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹnu yín la fẹ́ tú wò lọ́jọ́ yẹn. Àyẹ̀wò odindi ẹnu wà lọ́tọ̀: a máa ka eyín lọ́kọ̀ọ̀kan, a máa wọn bí ìdí eyín ṣe jìn tó, a máa wo ahọ́n, abẹ́ ahọ́n àti àjà ẹnu. Ìyẹn ń gba àkókò, ẹni tí ara tù ló sì lè fara dà á. Ti ẹni tí eyín ń ro ní tirẹ̀, nǹkan kan ṣoṣo la ń lé: kí ló ń dùn ún, níbo ló wà, kí la lè ṣe sí i lónìí. Àwọn dókítà eyín ní Amẹ́ríkà tiẹ̀ fún àyẹ̀wò méjèèjì ní nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n fi ń kọ ìwé owó: D0140 ni ti ìṣòro kan ṣoṣo, D0150 ni ti odindi ẹnu. Lọ́dọ̀ tiwa kò sẹ́ni tó ń pe nọ́ńbà. "Ẹ kàn bá mi wo eléyìí" la mọ̀ ọ́n sí.

Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni pé ìka tí wọ́n fi ń tọ́ka lè parọ́. Ẹran tó wà nínú eyín mọ ìrora dáadáa, àmọ́ kò mọ àdírẹ́sì. Eyín òkè lè máa ro kó dà bíi pé ti ìsàlẹ̀ ni. Eyín ìsàlẹ̀ lè máa ro kó jẹ́ etí lẹ máa di mú. Ohun tí kì í sábà ṣe ni kó ti apá ọ̀tún sọdá sí apá òsì, ìyẹn nìkan ló ṣeé gbára lé díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìka yẹn.

Awakọ̀ kan tó ń ná Ìkòròdú sí Mile 12 ló jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ èyí. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, ẹnì kan níbòmíràn ti bá a yọ eyín ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ó ya ẹnu, ó fi ìka kan ihò tó ṣófo náà, ó ní: "Nọ́ọ̀sì, wọ́n ti yọ ọ́, àmọ́ ó ṣì ń dùn mí níbi tí kò ti sí mọ́." (Gbogbo wa ni nọ́ọ̀sì lójú wọn, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀ mọ́.) Eyín 16 ló ń ro ó, lókè, apá ọ̀tún kan náà. Ihò wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó fara ti 17, ojú lásán kò lè rí i. X-ray ló tú u fó. Nọ́ńbà tí mo ń pè yẹn kì í ṣe iye eyín o. Nọ́ńbà kìíní ni igun ẹnu: 1 ni òkè lọ́tùn-ún, 2 ni òkè lósì, 3 ni ìsàlẹ̀ lósì, 4 ni ìsàlẹ̀ lọ́tùn-ún. Nọ́ńbà kejì ni kíkà láti àárín iwájú lọ sẹ́yìn. Bí ẹ bá gbọ́ tí dókítà pe 46, kò ní eyín yín pé mẹ́rìndínláàádọ́ta. Méjìlélọ́gbọ̀n ló máa ń wà lẹ́nu àgbàlagbà tí tiẹ̀ bá pé.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí àwọn ìbéèrè tó ń bí yín nínú. Bí omi tútù bá kan eyín tó dùn yín fíofío, tó sì lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí ẹ ṣe gbé omi náà mì, ẹran inú eyín náà ṣì ní ìlera tó pọ̀. A lè dí ihò náà kó parí síbẹ̀. Bí ìrora náà bá jókòó lẹ́yìn tí omi ti lọ, tó ń jẹ́ ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú méjì, tàbí tó ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ jẹ nǹkan, tó sì ń le sí i bí ẹ bá dùbúlẹ̀, ẹran yẹn ti ń kú lọ. Dídí nìkan kò lè gbà á mọ́. Bóyá ká fọ gbòǹgbò rẹ̀ tàbí ká yọ ọ́. Ẹ ò rí i pé ìdáhùn kan ṣoṣo lè yí gbogbo ohun tí a máa ṣe padà, tó fi mọ́ iye owó tó máa jáde lápò yín?

Àwọn kan kì í tiẹ̀ jẹ́ kí n béèrè. Wọ́n á wọlé pẹ̀lú pure water tó ti dì lọ́wọ́, wọ́n á máa fà á mu díẹ̀díẹ̀, wọ́n á gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí ẹ bá sì gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n á figbe ta. Gbígbóná ń pa wọ́n, tútù ló ń tù wọ́n. Bí mo bá ti rí ìyẹn láti ẹnu ọ̀nà, mo ti máa ń wá ibi tí wọ́n máa jókòó sí, torí eyín yẹn ti dé ìparí ọ̀nà rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹnu ló kan ọwọ́. Dókítà á fi ìdí dígí kékeré yẹn rọra gbá orí eyín lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ẹ ń sunkún lé lórí. Eyín tí kò ṣe nǹkan kan ló máa kọ́kọ́ gbá, kí ẹ lè mọ bí èyí tó dára ṣe ń rí lára kí ẹ tó sọ fún un pé èyí yàtọ̀. Eyín tó bá dùn nígbà tí a gbá a ti ní wàhálà ní orí gbòǹgbò, níbi tó ti wọnú egungun. Á wá fín oògùn tútù kan sára òwú, á fi kan eyín. Bí kò bá mọ nǹkan kan lára rárá, ó ṣeé ṣe kó ti kú. Á fi irin tín-ín-rín wọn ìdí eyín, á mì í wò bóyá ó ń yẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa ní kí ẹ lọ ya X-ray kékeré tí wọ́n ń gbé sínú ẹnu, èyí tó máa fi eyín méjì mẹ́ta péré hàn títí dé orí gbòǹgbò. Aláboyún máa ń bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ sọ fún wa pé ẹ lóyún, kò sí ìdí láti fi í pamọ́. Bí a bá nílò X-ray náà, a lè dáàbò bo ikùn yín ká sì yà á.

Èyí tó máa ń gba ọgbọ́n jù ni eyín tó sán. Ìyá kan láti Ìgbógbó wá, eyín rẹ̀ funfun nini, kò sí ihò, kò sí dúdú kankan. X-ray kò fi nǹkan kan hàn. Gbogbo ilé ti ń sọ fún un pé àwáwí ni. Dókítà fún un ní igi kékeré pé kó fi eyín náà gé e, kó sì tú ẹnu sílẹ̀ lójijì. Nígbà tó gé e, kò sí nǹkan. Nígbà tó tú u sílẹ̀ ló pariwo. Eyín tó sán ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: apá méjèèjì á yà díẹ̀ bí ẹ bá gé nǹkan mọ́lẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá padà pàdé ni iná á jó. Mo bi í léèrè ohun tó fẹ́ràn láti máa jẹ. Ó rẹ́rìn-ín. Eegun ògúfe. Kì í fi eegun sílẹ̀ láìfọ́ ọ.

Ó sì ní àwọn tí eyín wọn kò ṣe nǹkan kan, síbẹ̀ tí eyín ń ro wọ́n. Bí ọ̀fìnkìn bá di imú fún ọjọ́ pípẹ́, àyè tó wà nínú egungun ẹ̀gbẹ́ imú á kún, gbòǹgbò àwọn eyín òkè lẹ́yìn sì wà nítòsí rẹ̀. Eyín mẹ́ta mẹ́rin á máa dùn pọ̀, á sì le sí i bí èèyàn bá tẹrí ba. Bàbá kan ní bí òun bá ti forí kanlẹ̀ níbi ìrun ni eyín á bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ṣe ju X-ray lọ fún wa. Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn sickle cell (SS), lè ní ìrora páárí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ti eyín tí kò ní ihò rárá, torí ẹ̀jẹ̀ kò rọ́nà kọjá dáadáa. Nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi genotype yín pamọ́ fún oníṣẹ́ eyín. Èyí tí mo tún ń ṣọ́ jù lójú àgbàlagbà ni páárí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń dùn bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn tàbí rìn kíákíá, tó sì ń dẹ̀ bí wọ́n bá jókòó sinmi, pàápàá bí òógùn bá ń bò wọ́n tàbí tí àyà ń fún wọn. Ìyẹn kì í ṣe ti eyín. Ọkàn ni, ọ́síbítù ńlá ni wọ́n gbọ́dọ̀ forí lé lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè mìíràn tí wọn kì í fẹ́ dáhùn ni: kí lẹ ti lò kí ẹ tó wá? Ojú máa ń tì wọ́n. Kí ló dé? Mo ti gbọ́ kànáfùrù, mo ti gbọ́ ògógóró, mo ti gbọ́ omi bátìrì. Ti kànáfùrù kò burú. Òróró rẹ̀ wà nínú oògùn tí àwa náà fi ń dí eyín fún ìgbà díẹ̀, ó ń dẹ ìrora, kò kàn lè wo ihò. Omi bátìrì ní tirẹ̀ ásíìdì ni, á jó eyín, á jó ẹran ìdí eyín, á jó ètè. Mi ò ní fi òyìnbó bò ó: kí ẹnikẹ́ni má dán an wò.

Alábùkún ló wá kún ẹnu gbogbo wọn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀ ní ìlú yìí, torí Jacob Sogboyega Odulate tó ṣe é, ọmọ Ìkòròdú ni. Abẹ́òkúta ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1918, àwọn ìyá ìyá wa ti ń dà á sẹ́nu kí ẹnikẹ́ni tó bí wa. Èmi kò ní kí ẹ má lò ó. Ohun tí mo ń sọ ni pé aspirin àti kaféènì ló wà nínú rẹ̀, aspirin kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Bí ẹ bá ti lò ó láàárọ̀ tí a fẹ́ yọ eyín lọ́sàn-án, ó yẹ kí dókítà mọ̀ kó tó mú irin. Kí ẹ má sì gbé aspirin kankan sórí ẹran ìdí eyín pé kó yọ́ síbẹ̀. Á bó o funfun bí ibi tí iná jó, ẹ̀yin tó ní ìrora kan á wá di oníìrora méjì. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ lò ó rárá.

Ampiclox ló kù. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, ó sì máa ń dá a sílẹ̀. Bí ẹran inú eyín bá ń ro tí kò sí wíwú, tí kò sí ibà, antibiotic bíi tirẹ̀, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, kò lè dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ní 2019, ADA, ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín Amẹ́ríkà, gbé ìlànà jáde pé fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ara wọn le, kí wọ́n tọ́jú eyín náà gan-an, kí wọ́n sì fi ibuprofen tàbí paracetamol dẹ ìrora, dípò kí wọ́n sáré fún wọn ní antibiotic. Ẹni tó ra kápúsù méjì ní kẹ́mísìtì, tí ara tù ú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, paracetamol tó lò mọ́ ọn ló ṣe é, tàbí kí eyín náà ti kú. Nípa paracetamol náà, mẹ́jọ tó jẹ́ 500 mg ni òpin fún àgbàlagbà láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ẹ ka gbogbo orúkọ tó bá wà nílé, torí paracetamol kan náà ló ń jẹ́ orúkọ mẹ́ta.

Wíwú ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Mo ti sọ fún olùgbàwọlé wa pé ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú kì í jókòó de káàdì. Bí ó bá jẹ́ oówo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín, dókítà á jẹ́ kí ọyún rẹ̀ jáde, ara á tu èèyàn lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wíwú náà bá ti sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n, tí ó le gbagidi, tí ahọ́n ń gbéra sókè, tí ẹnu kò ṣí mọ́, tí itọ́ ń ṣàn torí pé kò ṣeé gbé mì, tí ohùn yí padà tàbí tí mímí ń nira, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ tiwa. Eyín ìsàlẹ̀ tó wà lẹ́yìn pátápátá ló sábà ń fà á. Dókítà ará Jámánì kan, Wilhelm Friedrich von Ludwig, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1836, orúkọ rẹ̀ la ṣì fi ń pè é, Ludwig's angina. Ó lè dí ọ̀nà ọ̀fun láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tún ní ewu jù. Ọ́síbítù tó sún mọ́ yín jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sáré lọ, kí wọ́n wo bó ṣe ń mí, kí wọ́n tó gbé e lọ sí LASUTH, ọ́síbítù ńlá ti yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ìkẹjà. Gbogbo wa la mọ bí ọ̀nà Mile 12 ṣe ń rí lálẹ́. Ẹ má ní ẹ ń retí kí ilẹ̀ mọ́.

Ti ọmọ tí eyín rẹ̀ bọ́ síta, kí n yára sọ ọ́. Eyín ọmọ wẹ́wẹ́ kì í padà sí ààyè rẹ̀, ẹ má dá a padà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti tó ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ, eyín iwájú rẹ̀ lè ti jẹ́ ti àgbà. Ẹ mú un níbi funfun, ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò, ẹ má fi ọṣẹ tàbí kànǹkàn fọ̀ ọ́. Bó bá ní iyẹ̀pẹ̀, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án wéré, kí ẹ sì tì í padà sínú ihò rẹ̀, kí ọmọ náà gé aṣọ mọ́ ọn. Bí ọwọ́ yín ò bá gbà á, ẹ fi í sínú mílíìkì olómi tí kò ní ṣúgà. Bí kò bá sí, itọ́ ọmọ náà nínú ife á ṣe é. Ẹ má fi tíṣù wé e. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà láàárín wákàtí kan, ìrètí pọ̀. Bó ṣe ń pẹ́ sí i ló ń dín kù.

Bí a bá ti parí ti eyín tó ń ro, dókítà á kọ àwọn nǹkan mìíràn tó rí sórí ìwé kékeré kan, á ní kí ẹ padà wá fún odindi ẹnu. Ibí yìí ni mo ti máa ń ní ẹjọ́ tèmi. Ìdajì wọn kì í padà wá, ṣé a ò lè bu ìdajì yẹn kù? Èmi ni mo ń pè wọ́n lórí fóònù. Awakọ̀ yẹn gan-an, lẹ́yìn tí dókítà ti fi oògùn sínú 16 pé kó padà wá parí gbòǹgbò, kò yọjú mọ́. Mo pè é.

"Ẹ̀yin Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ilé ìtọ́jú eyín ni."

"Háà, Nọ́ọ̀sì mi! Ẹ ṣeun gan-an ni. Kò dùn mí mọ́ o. Ọlọ́run ti gbọ́."

"Ọpẹ́ ni pé ó dẹ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò tíì parí níbẹ̀. Oògùn tí dókítà fi sí i ló dẹ ìrora. Ìdọ̀tí ṣì wà nínú gbòǹgbò, bí ẹ bá fi í bẹ́ẹ̀, á ràn dé inú egungun. Nígbà tó bá tún ń bọ̀, ó lè jẹ́ wíwú ló máa bá dé."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo ń gbọ́ tí ọmọkọ̀ ń pe Kẹ́tú, Ojóta lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọjọ́bọ̀ ń kọ́?"

"Ọjọ́bọ̀ kò ṣeé ṣe, ọjọ́ ìtọ́jú mọ́tò ni. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ Ẹtì, láàárọ̀ kùtù, kí n tó gba lódù. Ṣé ẹ ò ní tún bi mí ní gbogbo ìbéèrè yẹn ṣá?"

Mo ní méjì péré ni mo máa bi í.